Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà Kò Sọ̀rọ̀

Jẹ́nwò ni gbogbo ilé ń pè é.

Kì í ṣe orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àmọ́ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Bí ìkòkò bá ń hó lórí iná, "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Bí alángbá bá sá wọ ihò ògiri, "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Bí ẹnìkan bá sín, "Ẹ jẹ́ n wo inú imú yín."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi. Ìyá Jẹ́nwò ti lọ síbi iṣẹ́. Jẹ́nwò wà nílé pẹ̀lú Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá Jẹ́nwò. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà létí fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí.

Ẹsẹ̀ lásán ló máa ń fi tẹ pẹ́dàlì ẹ̀rọ náà.

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ni ẹ̀rọ ń ké.

Ṣáká, ṣáká, ni sísọ́ọ̀sì ń gé aṣọ.

Aṣọ akọrin ni Ìyá Àgbà ń rán. Aṣọ funfun méjìlá ni, fún ọmọ méjìlá tí yóò kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Méje ti parí. Ó ku márùn-ún.

Nínú yàrá kejì, Bàbá ń sùn. Búrẹ́dì ni Bàbá ń ṣe. Nígbà tí gbogbo ayé bá sùn ló máa ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tí gbogbo ayé bá jí, òun á wá na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí ibùsùn.

Nítorí náà, wọn kì í pariwo nílé yìí lọ́sàn-án. Bí o bá fi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì, wàá fi ọwọ́ bo ẹnu, wàá ké "yéè" sínú ọwọ́ rẹ.

Jẹ́nwò jókòó sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ó ń fi òòfà ṣa pínnì tó já bọ́. Pínnì Ìyá Àgbà ní orí pupa roboto.

Tín. Pínnì kan fò mọ́ òòfà.

Tín. Òmíràn tún fò mọ́ ọn.

Nígbà náà ni Jẹ́nwò rí orí pupa kan tí kò sí nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Orí pupa náà ń bá a lọ sókè, ó ń bá a lọ sílẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yín."

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Kẹ̀kẹ̀. Kẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Pínnì ni. Ó ti wọ gìgísẹ̀ òsì Ìyá Àgbà. Orí rẹ̀ nìkan ló kù síta.

Ìyá Àgbà fi ìka méjì fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ kan tó yọjú kò ju orí pínnì náà lọ. Ìyá Àgbà nù ún, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Kò ké yéè. Kò fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò tilẹ̀ fajú ro.

Jẹ́nwò la ojú sílẹ̀. Ó bi í pé ṣé kò dùn ún ni. Ìyá Àgbà ní kò dun òun rárá. Jẹ́nwò bi í pé kí ló dé. Ìyá Àgbà ní ẹsẹ̀ àgbà kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ pínnì yìí, àárín èmi àti ìwọ ni o. Bí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi bá gbọ́, á ní kí n lọ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Ta ni yóò wá rán aṣọ akọrin?"

Jẹ́nwò mi orí pé òun gbọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan ti wọ inú rẹ̀, kò sì fẹ́ jáde.

Kí ló dé tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀?

Ṣé ẹ rí i, Ìyá Àgbà ní àtọ̀gbẹ. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ṣúgà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí wọn kò bá ṣọ́ ọ.

Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á fi abẹ́rẹ́ kékeré kan gún ìka. Ẹ̀jẹ̀ á kán sórí bébà tín-ín-rín. Ẹ̀rọ kékeré kan á ní píì, nọ́ńbà á sì yọ. Jẹ́nwò á ka nọ́ńbà, Ìyá Àgbà á kọ ọ́ sínú ìwé, á wá gbé oògùn rẹ̀ mì.

Lójoojúmọ́, bí abẹ́rẹ́ kékeré yẹn bá gún ìka Ìyá Àgbà, á ní, "Ṣíọ̀, ìwọ abẹ́rẹ́ yìí."

Ìka sọ̀rọ̀ nítorí abẹ́rẹ́ kékeré. Gìgísẹ̀ dákẹ́ nítorí odindi pínnì.

Èyí kò yé Jẹ́nwò.

Ó rò ó pé bóyá nítorí Bàbá tó ń sùn ni Ìyá Àgbà kò ṣe ké. Ó dúró títí Bàbá fi jí, tó sì lọ wẹ̀. Gbììì, ni omi ń dún nínú balùwẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sùn mọ́.

Ìyá Àgbà jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń kun orin ìyìn lábẹ́ ọ̀fun. Jẹ́nwò mú okùn òwú kan. Ó rọra fi rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, yẹ́lẹ́, yẹ́lẹ́, yẹ́lẹ́.

Ìyá Àgbà ń kọrin lọ.

Jẹ́nwò fi òwú náà kan ọrùn Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ni èṣìnṣìn yìí.

Nítorí náà, kì í ṣe nítorí Bàbá.

Jẹ́nwò tún rò ó pé bóyá awọ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló nípọn jù. Ta ni awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tún nípọn nílé yìí? Bàbá ni. Bàbá máa ń dúró nídìí ààrò láti ìgbà tí òṣùpá bá yọ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ le bí èèpo búrẹ́dì àná.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, Bàbá ń hanrun. Jẹ́nwò yọ́ wọ yàrá. Ó fi òwú rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá. Yẹ́lẹ́.

Pàá. Bàbá ta ẹsẹ̀. Ìrọ̀rí fò lọ sídìí ilẹ̀kùn. Bàbá ní kí wọ́n yọ búrẹ́dì kó tó jóná, ó sì tún sùn lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe awọ tó nípọn. Ẹsẹ̀ Bàbá le, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ìyá Àgbà ń fọ ẹsẹ̀ létí àgbá omi. Jẹ́nwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú ibi tí pínnì náà gún kéré bí ojú èèrà. Lónìí ó ti pupa yí ká. Ó fẹ̀ tó bọ́tìnnì ẹ̀wù.

Jẹ́nwò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

Ó sọ fún Ìyá Àgbà pé gìgísẹ̀ yìí gbóná. Ìyá Àgbà ní omi ló gbóná. Àmọ́ omi tútù ni Jẹ́nwò bá nínú àgbá.

Ìyá Àgbà wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ku aṣọ mẹ́ta.

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun alẹ́, oúnjẹ Jẹ́nwò wà nínú àwo bó ṣe wà. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò sí. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìbọ̀sẹ̀ Ìyá Àgbà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí Ìyá Àgbà máa ń lọ rí nọ́ọ̀sì.

Ó gún ìka. "Ṣíọ̀, ìwọ abẹ́rẹ́ yìí." Píì.

Jẹ́nwò wo nọ́ńbà náà. Ó tún un wò. Láti oṣù yìí wá, kò rí nọ́ńbà tó ga tó báyìí.

Ìyá Àgbà kọ ọ́ sínú ìwé. Ó lọ sídìí àpótí aṣọ rẹ̀, ó gbé páálí bàtà kan jáde.

Nọ́ọ̀sì ló bá a wá bàtà yìí. Ó rọ̀ nínú, ó sì bo gbogbo ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nínú ilé, lóde, àti nídìí ẹ̀rọ pàápàá. Àmọ́ Ìyá Àgbà ní bàtà tó dára báyìí kì í ṣe bàtà tí ènìyàn ń wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilé Ọlọ́run nìkan ló ń wọ̀ ọ́ lọ.

Lónìí ó wọ̀ ọ́. Ó ní òun àti Jẹ́nwò á tètè lọ, àwọn á tètè bọ̀, torí aṣọ ń dúró de òun.

Àga gígùn kan wà nílé ìwòsàn, ó kan ògiri dé ògiri. Ilẹ̀ ń ta òórùn ọṣẹ. Òṣùwọ̀n kan wà nígun yàrá, tó ń ní gbọn bí ènìyàn bá gun orí rẹ̀.

Oníbírò ni Jẹ́nwò ń pe nọ́ọ̀sì náà nínú ara rẹ̀. Bírò mẹ́ta ló wà nínú àpò àyà rẹ̀: búlúù, pupa àti àwọ̀ ewé.

Oníbírò kí Ìyá Àgbà káàbọ̀. Ó bi í léèrè iṣẹ́, ó bi í léèrè ilé. Ó ka ìwé nọ́ńbà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mú bírò pupa, ó fi yí nọ́ńbà òwúrọ̀ yìí ká.

Lẹ́yìn náà ó gbé bàtà Ìyá Àgbà, ó yí i dojú dé. Ìsàlẹ̀ bàtà náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Màmá, bàtà oṣù mẹ́ta rèé?"

"Ọ̀nà ilé Ọlọ́run ló mọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Oníbírò rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Àmọ́ kò fi bàtà náà sílẹ̀ kíákíá. Ó ní kí Ìyá Àgbà bọ́ ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì.

Ìyá Àgbà bọ́ ti ọ̀tún. Ó ní ìyẹn náà tó. Ó ní ìbejì ni ẹsẹ̀ òun, bí o bá ti rí ọ̀kan o ti rí èkejì.

Oníbírò ní kò burú, òun á bẹ̀rẹ̀ lára Táíwò, òun á wá bọ́ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé.

Ó mú nǹkan kan jáde láti inú àpótí. Ọ̀pá kékeré kan ni, tí okùn tín-ín-rín yọ lórí rẹ̀ bí irun ẹnu ológbò.

Jẹ́nwò sún mọ́ tòsí. "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Oníbírò fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ Jẹ́nwò. Tẹ́ẹ́. Ó rìn ín díẹ̀. Kò dunni rárá.

Oníbírò ní kí Ìyá Àgbà dijú. Ibi tí òun bá ti fi okùn kàn án, tó bá mọ̀ ọ́n lára, kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Àgbà dijú.

Okùn kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Àgbà wí.

Okùn kan àárín ẹsẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Oníbírò dúró. Kò kan ibì kankan.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Okùn náà wà lókè, kò kan nǹkan kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Àgbà tún wí. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ń wí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ń gún aṣọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ọgbọọgba.

Jẹ́nwò wo okùn. Ó wo ojú Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "wọn ò tíì kàn yín."

Ìyá Àgbà la ojú.

Ẹnìkan gun òṣùwọ̀n nígun yàrá. Gbọn.

Jẹ́nwò kò sọ̀rọ̀ pínnì. Ó ti mi orí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àmọ́ omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì na ìka sí ẹsẹ̀ òsì tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó."

Ìyá Àgbà wo ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ojú ọgbẹ́ náà ti fẹ̀ ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó ti tó ìdérí ìgò.

Oníbírò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sì bínú. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó rí bó ṣe gbóná tó, ó sì jáde lọ pe dókítà.

Dókítà wá. Ìyá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ pínnì náà fún un. Ó ṣí ojú ọgbẹ́ náà, ó fọ̀ ọ́, ó dì í. Ó fún Ìyá Àgbà ní abẹ́rẹ́ lápá, ó kọ oògùn ọjọ́ méje fún un. Ó ní kòkòrò àrùn ti wọ gìgísẹ̀ yẹn, ìyẹn ló sì gbé nọ́ńbà ṣúgà sókè. Ó ní ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti jinlẹ̀.

Nígbà tí dókítà lọ tán, Ìyá Àgbà jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ó dà bí ẹni tó kéré sí i.

Ó wá béèrè ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ yìí á ṣì máa gbé mi?"

Oníbírò dì í lọ́wọ́ mú. "Á gbé yín, Màmá. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ẹ ó máa ṣọ́ ọ. Gbogbo wa ni."

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè Jẹ́nwò jáde. Ó ti há mọ́ inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó bi Oníbírò pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀ nígbà tí pínnì gún un.

Oníbírò ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó fa bírò búlúù yọ, ó ya ènìyàn kan sórí bébà. Ó fa ìlà tín-ín-rín láti ẹsẹ̀ ènìyàn náà lọ dé orí.

Ó ní àwọn ìlà yìí ni ìránṣẹ́ ara. Bí nǹkan bá gún ẹsẹ̀, ìránṣẹ́ á sáré, fìrì, fìrì, fìrì, á lọ sọ fún orí. Orí á ní, yéè.

Àmọ́ bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àárẹ̀ máa ń mú àwọn ìránṣẹ́ tó jìnnà jù lọ. Àwọn wo ló sì jìnnà sí orí ju ti ẹsẹ̀ lọ? Pínnì á gún ẹsẹ̀, ìránṣẹ́ kò ní dìde. Orí kò ní gbọ́.

Jẹ́nwò ronú, ronú. Ó ní bí ìránṣẹ́ kò bá lè lọ mọ́, ta ni yóò wá máa sọ fún orí?

"Ojú," ni Oníbírò wí. "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni a ó fi máa ṣọ́ ẹsẹ̀ Màmá."

Ìyá Àgbà ní òótọ́ ni. Ó ní Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ ló dá ojú, kò sì dá wọn sọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn òun kò tẹ̀ mọ́. Òun kò lè rí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ òun.

Oníbírò bi wọ́n pé ta ló wà nílé tó fẹ́ràn láti máa wo nǹkan.

Jẹ́nwò ti na ọwọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Oníbírò kọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ìyá Àgbà kò ní fi ẹsẹ̀ yìí tẹ pẹ́dàlì títí yóò fi jiná. Wọn yóò padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí wọ́n tún un dì. Lẹ́yìn náà, wọn yóò máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bàtà yóò máa wà lẹ́sẹ̀, nílé àti lóde.

Ìyá Àgbà ní àṣé bàtà náà kò ní rí ọ̀run mọ́, eruku ayé ló kù fún un. Oníbírò ní kí eruku ayé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá ti jí. Ìyá Àgbà jókòó, ó ro gbogbo ẹjọ́ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá di orí mú. Ó bi í pé kí ló dé tí kò jí òun.

Ìyá Àgbà na ìka sí iṣẹ́ tó kù. Aṣọ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, láìní apá.

Bàbá wo ẹ̀rọ náà. Àgbá kékeré kan tó rí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tó ń yí bí pẹ́dàlì bá ń lọ. Bàbá fi ọwọ́ yí i.

Kẹ̀. Kẹ̀.

Ó fi ọwọ́ kejì kún un. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

"Rọra," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìyẹ̀fun kọ́ lò ń pò."

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, ó ń darí aṣọ. Bàbá ń yí àgbá. Jẹ́nwò ń fi òòfà ṣa pínnì, kò fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Nígbà tí ìyá Jẹ́nwò dé láti ibi iṣẹ́, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ bí wọ́n ṣe ń parí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aṣọ pé méjìlá.

Ọ̀kan nínú wọn, apá òsì rẹ̀ gùn ju ti ọ̀tún lọ. Bàbá ló yí àgbá ju bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ tó wọ̀ ọ́ kọrin láìsí ọwọ́ kan níta. Ọlọ́run gbọ́ orin rẹ̀ bákan náà.

Láti ọjọ́ náà, Jẹ́nwò ní iṣẹ́.

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á gbé àga kékeré wá. Á gbé dígí wá. Ìyá Àgbà á bọ́ bàtà, á sì na ẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Á wo òkè ẹsẹ̀. Á wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Á wo àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Á wo ẹ̀gbẹ́ báńdéèjì, bóyá ó pupa, bóyá ó gbóná. Á yẹ inú bàtà wò, bóyá òkúta wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnnì ló bá. Lọ́jọ́ mìíràn, ó bá súìtì tí Bàbá ti ń wá láti àárọ̀.

Bí ó bá wò ó tán, á sọ fún Ìyá Àgbà bí ó ṣe rí, Ìyá Àgbà á kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà òwúrọ̀.

Ó pupa.

Ó pupa díẹ̀.

Kò gbóná mọ́.

Ó ń yún. Rárá, ti Jẹ́nwò ló ń yún.

Nọ́ńbà òwúrọ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ látorí àkàsọ̀.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ Oníbírò. Á tú báńdéèjì, á fọ ọgbẹ́, á tún un dì. Ìyá Àgbà kò sọ "bẹ́ẹ̀ ni" ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nígbà tí okùn tún dé. Ibi tí kò bá mọ̀ lára, á dákẹ́. Oníbírò ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúlò fún òun ju ọgọ́rùn-ún bẹ́ẹ̀ ni lọ.

Ọjọ́bọ̀ kẹrin dé.

Oníbírò tú báńdéèjì. Ó wò ó. Ó pe Jẹ́nwò pé kó wá wò ó.

Awọ tuntun ti bo gìgísẹ̀. Ó ń dán, ó mọ́, kò sí ihò kankan.

Oníbírò yí ìsàlẹ̀ bàtà náà wò. Ó ti jẹ, ó ti dọ̀tí, òwú funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn. Oníbírò ní bàtà tó lẹ́wà jù lọ tí òun rí lọ́sẹ̀ yìí nìyí.

Ó mú bírò àwọ̀ ewé. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé: Ó ti jiná.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Oníbírò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí Jẹ́nwò, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Oníbírò ní ó di oṣù tó ń bọ̀.

Jẹ́nwò bi í pé kí ni wọ́n tún ń padà wá ṣe, ṣebí ẹsẹ̀ ti jiná. Oníbírò ní ọgbẹ́ ló jiná. Àtọ̀gbẹ kì í kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀. Àwọn á jọ máa bá a gbé, àwọn á jọ máa ṣọ́ ọ, òun níhìn-ín, àwọn nílé.

Wọ́n jáde. Oòrùn ti rọ̀. Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Kò, kò, kò, ni bàtà ń dún.

Wọ́n dé ibi tí ẹnìkan ti da tíì oníṣúgà sílẹ̀ létí ọ̀nà. Ọ̀wọ́ èèrà ti yí i ká, wọ́n ń lá ṣúgà.

Jẹ́nwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó tún wọn wò.

"Ìyá Àgbà, ṣúgà ni èèrà ń jẹ ṣáá. Ṣé èèrà náà máa ń ní àtọ̀gbẹ ni?"

Ìyá Àgbà dúró. Ó wo èèrà. Ó wo Jẹ́nwò. Ó wo ojú ọ̀run, bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀.

"Èyí, n kò mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Àgbà wí. "Mú ìwé wa jáde. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, a ó bi nọ́ọ̀sì."